Ìyá Mi, Ẹ Má Kúnlẹ̀ fún Ìjì

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ kú ẹ̀yìn ríro, ẹ kú ojú tí ẹ fi ń wá ihò abẹ́rẹ́ nígbà tí iná bá ti lọ. Èmi Múlíkà, àkọ́bí yín, ni mo kí yín láti òkèèrè. Mo kí Bàbá mi, ẹni tó máa ń gbé àga jáde sẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn ìrun alásárì. Mo kí Wàsíù, àbúrò mi kan ṣoṣo. Mo kí àwọn aládùúgbò wa ní Ìkòtún tí wọ́n ń bá wa rẹ́rìn-ín dénú. Àwọn tí ẹ̀rín tiwọn kò kọjá orí eyín, ẹ ní kí wọ́n ní sùúrù, ọ̀rọ̀ wọn ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ràn ariwo. Ẹ lè máa bi ara yín pé kí ló dé tí ọmọ yín kò fi lẹ́tà rẹ̀ sínú àpòòwé bó ti máa ń ṣe, tó wá gbé e fún àwọn oníwèé ìròyìn. Ìdí rẹ̀ ni pé ìta gbangba ni wọ́n ti ba orúkọ yín jẹ́. Bí mo bá wá ń tún un ṣe nínú yàrá, ta ló máa gbọ́? Ẹ jẹ́ kí Wàsíù kà á fún yín, kó kà á sókè, kódà bí àlejò bá wà níjòókòó. Pàápàá bí àlejò bá wà níjòókòó.

Ara mi le, mo dúpẹ́. Òtútù ibí yìí kì í ṣe irú òtútù ọyẹ́ tí a máa ń fi òrí para fún. Ó ń wọ inú egungun, ó sì ń jókòó síbẹ̀. Oòrùn ń yọ bí ẹni tí wọ́n fipá jí lójú oorun, kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sì tó lù, ó ti padà sùn. Ènìyàn pọ̀ nílùú yìí bí eṣú, àmọ́ mo lè wà nínú yàrá mi láti Sátidé di òwúrọ̀ Mọ́ńdè kí ẹnikẹ́ni má pe orúkọ mi. Nígbà mìíràn èmi fúnra mi ni mo máa ń pè é, kí n má baà gbàgbé bí ẹ ṣe ń pè é. Owó tí mò ń rí, ilé àti iná ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èyí tó bá yè bọ́ ni ẹ ń rí gbà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé mò ń ká owó lórí igi.

Iṣẹ́ mi ṣì ni ti ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń wọṣọ fún wọn, mò ń fi ṣíbí bọ́ àwọn tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ni mò ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́ láti àárọ̀, tí mo bá sì ṣe tán, mo máa ń fọwọ́, mo máa ń jẹ oúnjẹ mi, kì í rí mi lára. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ohun tó bá rí mi lára lónìí, nǹkan ọ̀hún burú ni.

Arákùnrin kan tó ń ti Ẹgbẹ́dá bọ̀ ló bá mi mú kásẹ́ẹ̀tì tí ẹ gba ohùn yín sí dé. Inú mi dùn débi pé n kò bọ́ kóòtù kí n tó kì í bọ inú rédíò. Bàbá mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ṣàdúrà, wọ́n húkọ́, wọ́n tún ṣàdúrà. Lẹ́yìn náà ni ohùn tiyín wọlé, ojú ẹsẹ̀ ni mo sì ti mọ̀ pé ara yín kò balẹ̀, torí pé ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi yín.

Ẹ ní ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò wa wá bá yín nílé. Ẹ ní Alága wọn ló ṣáájú, wọ́n sì gbé ọsàn dání. Wọ́n sọ fún yín pé Ìjì ń bọ̀ wá ṣe ìdúpẹ́ lórí pápá ilé ìwé tó ti gbá bọ́ọ̀lù nígbà kan rí, pé ó ti di ẹni tó mọ àwọn ènìyàn ńláńlá, pé ó sì ti ṣèlérí tiransifọ́mà fún àdúgbò wa, èyí tí a ti ń tọrọ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ohun kan ṣoṣo ló ní òun ń fẹ́. Obìnrin tó kó erùpẹ̀ ẹsẹ̀ òun lọ́jọ́sí gbọ́dọ̀ jáde síwájú gbogbo ènìyàn, kó kúnlẹ̀, kó jẹ́wọ́, kó sì yọ̀ǹda ẹsẹ̀ òun fún òun. Alága ní kò le rárá. Ó ní kí ẹ kàn kúnlẹ̀ kí ẹ dìde ni, kí gbogbo àdúgbò lè ríná. Ẹ wá sọ fún mi pé ẹ ti gbà, nítorí àlàáfíà, kí n má bínú.

Ìyá mi, n kò bínú. Ìríra ló mú mi. Mo pa rédíò náà, mo wọ balùwẹ̀, mo tutọ́, itọ́ náà kò tán lẹ́nu mi. Bí ẹni tó ti gbé ẹyin bíbàjẹ́ mì kó tó gbóòórùn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ṣe mí. Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, kò tíì lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á tí ẹ kì í ṣe ará Ìkòtún, ẹ jẹ́ kí n kó yín wọnú ọ̀rọ̀. Ìjì kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Agbábọ́ọ̀lù ni, apá òsì ló ti máa ń gbá, eré ẹsẹ̀ rẹ̀ sì le débi pé ẹni tó ń ròyìn bọ́ọ̀lù lórí rédíò kì í pe orúkọ rẹ̀ tán kó tó gé ẹni méjì kọjá. Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹrin, kò sí ọmọdé kan ní òpópónà wa tí kò fẹ́ jẹ́ Ìjì. Àwa ọmọbìnrin pàápàá, bí a bá ń sáré lọ sídìí kànga, a ó máa pariwo pé ìjì ń bọ̀, kí wọ́n yà fún wa. Ìkòtún ìgbà náà kò rí bó ṣe rí báyìí. Igbó pọ̀ ju ilé lọ, ilé tí wọn kò tíì kọ́ tán sì pọ̀ ju èyí tí wọ́n ń gbé lọ. Kò sí ẹni ńlá kan tó ń wá ibẹ̀ wá wò wá. Nígbà tí a wá gbọ́ pé Ìjì ń bọ̀ wá gbá bọ́ọ̀lù ọ̀rẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́ lórí pápá ilé ìwé wa, ẹ ẹ̀ rí i bí àwọn àgbàlagbà ṣe ń fò sókè.

Ìyá mi, ẹ̀yin ni wọ́n ní kí ẹ rán jẹ́sì fún àwọn agbábọ́ọ̀lù àdúgbò wa. Mo rántí aṣọ pupa náà tó bo gbogbo ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù yín. Ẹ ń rán an, ẹ sì ń wo Wàsíù tó jókòó lábẹ́ tábìlì.

Wàsíù ni ìdààmú ilé wa nígbà náà. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń sáré kiri, òun kò tíì rìn, kò tilẹ̀ di nǹkan mú dìde. Ó sanra, ó ń rẹ́rìn-ín, ẹsẹ̀ rẹ̀ kàn kọ̀ kò gbà á dúró ni. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò sí ohun tó ṣe é, pé ọmọ mìíràn kì í tètè rìn, kí ẹ ní sùúrù. Ṣùgbọ́n báwo ni ẹ ṣe máa ní sùúrù nígbà tí gbogbo ẹni tó wá gba aṣọ ń bi yín pé ọmọ yìí kò tíì rìn síbẹ̀? Ẹ gbẹ́ ihò sẹ́yìnkùlé, ẹ gbé e dúró sínú rẹ̀, ẹ fi iyanrìn mú ẹsẹ̀ rẹ̀ ró bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe fún ọmọ tó bá pẹ́ kó tó rìn. Ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Ìyá yín tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló wá sọ pé iyanrìn ẹ̀yìnkùlé kò ní agbára kankan, pé iyanrìn tí ẹlẹ́sẹ̀ ire bá tẹ̀ ni kí ẹ wá, kí ẹ fi ra ọmọ náà lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ ta ló sì tún dára ju ti Ìjì lọ?

Ẹ ò fi ṣe àṣírí. Ẹ sọ ọ́ níwájú àwọn oníbàárà yín, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ọ tí kò sọ pé ìmọ̀ràn gidi ni. Ìyàwó ẹni tó di Alága onílé lónìí wà níbẹ̀, ó ń wọn aṣọ. Ó ní bí ẹ bá rí i bù, kí ẹ bu díẹ̀ fún òun náà, kí òun fi sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù òun kí ẹsẹ̀ èrò lè máa yá síbẹ̀. Etí mi báyìí ni mo fi gbọ́ ọ.

Torí jẹ́sì tí ẹ rán náà ni wọ́n ṣe yàn mí pé èmi ni kí n gbé omi lọ fún Ìjì. Kíláàsì wa ni wọ́n fi í wọ̀ sí kí eré tó bẹ̀rẹ̀. A ti gbá ibẹ̀, a ti fọ̀ ọ́, a tún já òdòdó sórí tábìlì olùkọ́. Omi mímu ni wọ́n pọn sínú korobá tuntun, wọ́n fi ife lé e lórí, mo sì gbé e wọlé. Ó nà gbalaja sórí bẹ́ǹṣì, ọkùnrin kan tó bá a wá jókòó tì í. Ẹ̀pà ni Ìjì ń jẹ, ó sì ń tu èèpo rẹ̀ sílẹ̀ yí ká. Mo kúnlẹ̀, mo kí i. Ó tún ju ẹ̀pà sẹ́nu. Ọtí ń rùn lẹ́nu rẹ̀ láàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ìgbà náà ló ká sòkòtò rẹ̀ sókè, ó sì tú báńdéèjì kan tó ti dúdú kúrò lórúnkún òsì. Ìyá mi, orúnkún náà wú tó orí Wàsíù. Ó ń dán, ó pọ́n, ibi tí báńdéèjì ti fún un sì ti di ìlà ìlà. Ọkùnrin kejì bi í bóyá ó lè fi ẹsẹ̀ yìí gbá bọ́ọ̀lù. Ó dá a lóhùn pé ara oko ni wá, pé a ò mọ nǹkan kan, òun á sáré díẹ̀, òun á ṣubú, wọ́n á gbé òun jáde, òun á sì gba ohun tí wọ́n bá fún òun lọ sílé. Bẹ́ẹ̀ ló sọ ọ́. Kò tilẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀ nítorí mi, bí ẹni pé ewúrẹ́ ló wọlé. Lẹ́yìn náà ló kó ẹsẹ̀ méjèèjì sínú omi mímu tí mo gbé wá, ó fi ọwọ́ ha ìdọ̀tí àárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì fi ife náà bu omi sórí orúnkún.

Nígbà tó rí i pé mò ń wò ó, ó fà mí létí títí mo fi dìde lórí ìka ẹsẹ̀. Ó ní bí mo bá sọ ohun tí mo rí, orúnkún tèmi ló máa jẹrà. Àwọn ọmọ ilé ìwé ti kún ojú fèrèsé, wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀. Ó ní kí ọkùnrin kejì gbé korobá náà síta fún wọn, kó sọ pé omi ẹsẹ̀ Ìjì nìyẹn. Ìyá mi, wọ́n dà bò ó. Wọ́n fi bọ́jú, wọ́n fi pa orúnkún, ọmọkùnrin kan tí a jọ wà ní kíláàsì tẹnu bọ̀ ọ́, ó mu ún. Èmi tí mo rí ohun tó wọ inú rẹ̀ pàápàá ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo fi pa orí. Ọmọdé ni mí, Ìjì sì ni. Ohùn rẹ̀ ni mo gbọ́ lẹ́yìn wa tó ń rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ń sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé bí òun bá tọ̀ sínú ìgò nílùú yìí, wọ́n á tò láti rà á.

Ẹ̀rín náà ni n kò lè gbàgbé. Mo ti fọ ìgbẹ́ arúgbó kúrò lára ògiri rí, kò tíì rí mi lára tó ẹ̀rín yẹn.

Eré bẹ̀rẹ̀. Ó sáré lẹ́ẹ̀kan, gbogbo pápá hó. Ẹ dúró lẹ́bàá ìlà, Wàsíù wà lẹ́yìn yín. Nígbà tí Ìjì kọjá níwájú yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ bu iyanrìn ibi tó tẹ̀, ẹ sì ń dì í mọ́ etí gèlè yín. Kò pẹ́ sí i, bọ́ọ̀lù yí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí rẹ̀, orúnkún náà sì yẹ̀. Ìṣubú tó múra sílẹ̀ fún kọ́ ló ṣubú. Ó lọgun bí ẹran tí wọ́n ń dè. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó ní ìjì ti rọlẹ̀ o, àwọn mìíràn sì bá a rẹ́rìn-ín. Mò ń wo ojú Ìjì nígbà náà. Ẹ̀rín yẹn dùn ún ju orúnkún lọ. Ó ń wò yí ká bí ẹni tó ń wá ibi tó máa gbé ìtìjú sí, ojú rẹ̀ sì já lé yín níbi tí ẹ ti ń so gèlè.

Ó nàka. Ó ní kí wọ́n mú obìnrin yẹn, ó ti kó erùpẹ̀ ẹsẹ̀ òun, ó ti gba ẹsẹ̀ òun fún ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn.

Àwọn tí ẹ rán jẹ́sì sí lọ́rùn ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ yín. Wọ́n já gèlè lórí yín. Ọwọ́ kan gbá yín létí, n kò mọ ọwọ́ ta ni, ẹ̀yin náà ò sì sọ fún mi rí. Wàsíù ń ké lẹ́yìn yín, wọ́n sì ń tì yín síwá sẹ́yìn. Ìyàwó Alága dúró síbẹ̀, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà, kò la ẹnu sọ pé òun náà ní kí ẹ bu fún òun. Wọ́n ní kí ẹ da iyanrìn náà sílẹ̀ níwájú Ìjì, ẹ dà á. Ó tutọ́, itọ́ náà bà yín lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni Bàbá mi ti sáré dé láti ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé, sìmẹ́ńtì lára, tí wọ́n fi gbà yín sílẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo sọ gbogbo ohun tí mo rí fún yín, mo sọ ti orúnkún, mo sọ ti báńdéèjì. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bò mí lẹ́nu. Ẹ ní bí wọ́n bá gbọ́ pé èmi ni mo gbé omi wọlé tọ̀ ọ́, wọ́n á ní ẹ̀yin lẹ fi nǹkan sínú omi náà, wọ́n á sì pe èmi náà ní àjẹ́ kékeré. Mo dákẹ́. N kò dá yín lẹ́bi nígbà náà, n kò sì dá yín lẹ́bi báyìí, torí pé òótọ́ lẹ sọ. Wọ́n á ṣe é.

Ìjì kò gbá bọ́ọ̀lù gidi mọ́ láti ọjọ́ náà. Dípò kó sọ pé orúnkún òun ti bàjẹ́ tipẹ́, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi í pé obìnrin kan ní Ìkòtún ló gba ẹsẹ̀ òun. Ọ̀rọ̀ náà di oúnjẹ fún un. Ibi tí wọ́n bá ti pè é, ó ń sọ ọ́, wọ́n sì ń káàánú rẹ̀.

Kí òjò ọdún náà tó dá, Wàsíù dìde. Ó di ẹsẹ̀ tábìlì mú, ó jù ú sílẹ̀, ó sì rìn wá bá mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì ti sọ ọ́, sùúrù ni. Ilé mìíràn ì bá pariwo ayọ̀. Ẹ̀yin sáré lọ ti ilẹ̀kùn, kí ẹnikẹ́ni má rí i. Mo wò yín bí ẹ ṣe gbé ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn náà, tí omi ń bọ́ lójú yín, tí ẹ ń fi ọwọ́ pè é pé kó tún rìn wá, kó máa bọ̀, kó máa bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló lè fi ọmọ tó ń rìn pamọ́? Wọ́n rí i, wọ́n sì sọ ohun tí ẹ mọ̀ pé wọ́n máa sọ. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Tiwọn ni pé Ìjì rọ, ọmọ télọ̀ dìde. Wọ́n wá kó aṣọ wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ jẹ́ kí ẹ ránṣọ tán.

Ọkùnrin arúgbó kan wà níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ó gbá bọ́ọ̀lù jẹun nígbà èwe rẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́, tí mo rí orúnkún rẹ̀, orúnkún tí mo rí ní kíláàsì wa náà nìyẹn, ó kàn ti gbó ni. Ó ní ó ti ń dun òun kí òun tó gbéyàwó, pé abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gún un kí òun lè jáde lọ gbá bọ́ọ̀lù, títí tí kò fi wúlò mọ́. Mo bi í bóyá ó rò pé ẹnì kan ló ṣe é. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, pé òun fúnra òun ni.

Alága, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ọsàn tí ẹ gbé lọ. Mo mọ̀ pé òkùnkùn burú, inú rẹ̀ ni mo ti kàwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí iná náà bá tàn tán, ojú wo lẹ fẹ́ fi máa wo Ìyá Múlíkà? Ẹ bi ìyàwó yín lónìí, kí ẹ tó jẹun, pé kí ló ní kí wọ́n bu fún òun lọ́jọ́sí. Bó bá sẹ́, ẹ ní kó kọ̀wé sí mi. Àgbà ni yín, mo sì ń bọ̀wọ̀ fún ewú orí yín, àmọ́ ẹni tó gbé ọsàn lọ ra orúkọ obìnrin ẹlẹ́gbẹ́ ìyàwó rẹ̀ rí mi lára.

Ìyá mi, ohun tó kù tí ẹ ò mọ̀ nìyí. Nígbà tí ẹ ti sọ tiyín tán, tí ẹ ti lọ, Wàsíù dá padà sídìí rédíò, ó yí kásẹ́ẹ̀tì náà sí ojú kejì, ó sì bá mi sọ̀rọ̀. Ó rọra ń sọ ọ́ kí ẹ má baà gbọ́. Ó ní wọ́n ti mú òun mọ́ àwọn tó máa gbá bọ́ọ̀lù fún àwọn ilé ìwé gbogbo ní ìpínlẹ̀ wa. Ó ní òun kò sọ fún yín, òun kò sì lọ, láti ìgbà tí Alága ti wá ni òun kò ti fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù mọ́. Ó wá bi mí pé bí ẹ bá kúnlẹ̀ níwájú gbogbo ayé, tí ẹ yọ̀ǹda ẹsẹ̀ Ìjì fún un, èwo ni òun á máa fi rìn?

Ṣé ẹ gbọ́? Ọmọkùnrin tó ti ń fò kọjá kòtò látìgbà èwe rẹ̀ ló ń bi mí bẹ́ẹ̀. Ẹ rò pé ẹ̀yin nìkan lẹ fẹ́ kúnlẹ̀, pé ìtìjú ọjọ́ kan ni, pé ẹ ti mu èyí tó korò jù ú lọ rí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́wọ́ pé ẹ gba ẹsẹ̀, ẹ ti jẹ́wọ́ pé ẹsẹ̀ olè ni ọmọ yín fi ń rìn. Ọjọ́ tó bá gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, wọ́n á ní ẹsẹ̀ Ìjì ni. Ọjọ́ tó bá kọsẹ̀, wọ́n á ní Ìjì ti wá gba tirẹ̀. Kò sì sí tiransifọ́mà tó lè tàn án kúrò lára rẹ̀.

Wàsíù, ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, dúró díẹ̀. Má tijú. Gbé ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì lé Ìyá lórí itan. Ìyá mi, ẹ fi ọwọ́ yín tí ẹnì kan tutọ́ sí mú wọn, kí ẹ sọ fún un lẹ́nu ara yín pé òun ló ni wọ́n, pé láti inú yín ló ti gbé wọn wá. Ẹ sọ ọ́ kí Bàbá mi gbọ́. Ẹ sọ ọ́ kí àwọn àlejò gbọ́. Lẹ́yìn náà kí ẹ ní kó wọ bàtà bọ́ọ̀lù rẹ̀, kó jáde.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí abẹ́rẹ́ yín kán sínú aṣọ. Ojú yín kò ní fọ́, ẹ̀yìn yín kò ní tẹ̀, ọmọ tí ẹ fi ìtìjú wò kò ní dójú tì yín. Mo kí Bàbá mi, kí wọ́n má ṣe torí àlàáfíà ta ilé wọn. Mo kí ìyá àgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo kí gbogbo ẹni tó bá béèrè mi. Bí Ìjì bá dé orí pápá, tó ń wá ẹni tó máa sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí orúnkún rẹ̀, ẹ ní ẹlẹ́rìí wà, ó ti kọ̀wé, ó sì fọwọ́ sí i.

Èmi ni ọmọ yín, Múlíkà, tó gbé omi wọlé fún un.